Ṣé ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2015 ti gbé ewu kúrò ní Kathmandu?

Àwọn kan gbà pé bí ilẹ̀ bá ti mì lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Nepal. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2015 pa èèyàn bíi 9,000, síbẹ̀ ibi tí àpáta ti ya nísàlẹ̀ kò yọ dé òkè ilẹ̀. Ní ẹsẹ̀ òkè Himalaya, àwọn onímọ̀ gbẹ́ kòtò, wọ́n wo ibi tí ìpele iyẹ̀pẹ̀ ti já, wọ́n sì fi èédú inú rẹ̀ ṣírò ọdún. Wọ́n rí àmì ìmìtìtì ọdún 1934, tó lágbára ju ti 2015 lọ, àti ti 1255, tí ìtàn ní ó pa Ọba Abhaya Malla. Ẹrẹ̀ adágún àtijọ́ sì ni Kathmandu wà lé lórí, èyí tó ń mú kí mímì náà le sí i. Àmọ́ ẹni tó bá fi ọjọ́ tí òmíràn máa wáyé ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, irọ́ ló ń pa.