Erùpẹ̀ funfun tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọtapiapia

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, àjọ EU ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń wọlé láti Nàìjíríà. Wọ́n ní dichlorvos tó wà lára ẹ̀wà náà ti ju ohun tí òfin fi àyè gbà lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú EU nígbà náà, nítorí náà òfin yìí kan ẹni tó ń ra ẹ̀wà ní Peckham bó ṣe kan ẹni tó gbìn ín. Dichlorvos yìí náà ló wà nínú Sniper àti ọ̀pọ̀ ọtapiapia tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà.

Ó rọrùn láti bú àwọn tó ń da oògùn apakòkòrò sórí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n láti oko ni kòkòrò ti ń yé ẹyin sára ẹ̀wà. Bí nǹkan bí oṣù kan bá fi máa kọjá nínú àpò, ọmọ rẹ̀ á ti lu ihò jáde, òun náà á sì tún máa yé tirẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá tà nígbà ìkórè ta á ní ọ̀pọ̀. Ẹni tó bá dúró de owó gidi lè bá ìyẹ̀fun nínú àpò.

Ohun kan wà tí kì í ṣe májèlé. Orúkọ rẹ̀ ni diatomaceous earth: erùpẹ̀ funfun tó kúnná bí ẹfun tí a lọ̀. Òkú àwọn ohun abẹ̀mí inú omi tí ojú lásán kò lè rí ló di erùpẹ̀ yìí, láti àìmọye ọdún sẹ́yìn. Kòkòrò kò ní láti jẹ ẹ́ kó tó kú. Ọ̀rá kan bí ìda wà lára kòkòrò tó ń dá omi ara rẹ̀ dúró. Bó bá ti rìn kọjá nínú erùpẹ̀ náà, erùpẹ̀ á fa ọ̀rá yẹn mu, á tún ha á lára, omi ara rẹ̀ á gbẹ. Òǹgbẹ ló ń pa á. Àwọn ìyá wa tó ń po eérú mọ́ ẹ̀wà ti ń ṣe ohun tó jọ èyí tipẹ́, àmọ́ eérú tí wọ́n ń lò máa ń pọ̀ gan-an.

Ní Zimbabwe, wọ́n dán an wò nínú àká àwọn àgbẹ̀ kékeré, ó sì dáàbò bo ọkà fún ọ̀sẹ̀ 40. Oríṣi kan kò gbà ju gíráàmù 100 lọ fún àpò kílò 100. Nàìjíríà náà ní in nílẹ̀, ní Bularafa, ìpínlẹ̀ Yobe. Iléeṣẹ́ ìwádìí NSPRI tó wà ní Ìlọrin ti fi irú erùpẹ̀ yìí ṣe NSPRIDUST. Kí ló dé tí ọtapiapia fi ṣì ń yá lọ́wọ́ ju u lọ? Lójú tèmi, ọtapiapia wà ní gbogbo ìsọ̀, ojú ẹsẹ̀ ló sì ń pa kòkòrò. Erùpẹ̀ kì í kánjú.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Bí ọkà kò bá gbẹ dáadáa, agbára rẹ̀ á dínkù. Kòkòrò agbẹ́gbàdo tó wọ Tógò ní 1984 máa ń fẹ́ kí wọ́n fi kún un. Ẹni tó ń pò ó gbọ́dọ̀ fi aṣọ bo imú, nítorí eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sì lo èyí tí wọ́n ń tà fún sísẹ́ omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ láéláé: iná ni wọ́n fi yan án, ó sì léwu púpọ̀ fún ẹni tó bá fà á símú.

Tí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, kí ẹ wá ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Erùpẹ̀ náà á bá omi lọ.