Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi: Ọjà Nakano Broadway ní Tokyo, níbi tí ohun ìṣeré ọmọdé ti di ohun iyebíye

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ará Japan ni wọ́n pa òwe yìí, a kì bá sọ pé ilé ọjà kan báyìí ní Tokyo, olú-ìlú wọn, ni wọ́n ń bá wí. Nakano Broadway ni orúkọ ilé ọjà náà. Nínú ilé yìí, ọmọláńgidi onírọ́bà tí ìyá kan rà fún ọmọ rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí ọmọ náà gbá mọ́lẹ̀, tí ó wọ́ nínú erùpẹ̀ títí tí ó fi sú u, lè jókòó kalẹ̀ nínú àpótí onígíláàsì tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì pa. Iye owó tí wọ́n kọ sí i lára a sì máa pọ̀ nígbà mìíràn débi pé odindi owó oṣù òṣìṣẹ́ kan kò ní tó o.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa pátápátá. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó gbọ́njú ní Nàìjíríà láàárín àwọn ọdún 1980, tí ó máa ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n NTA ní ìrọ̀lẹ́, ni kò lè gbàgbé Voltron, àwọn kìnnìún onírin márùn-ún tí wọ́n máa ń so pọ̀ di òmìrán kan ṣoṣo. Japan ni àwọn kìnnìún wọ̀nyẹn ti wá. Ilé-iṣẹ́ Toei ni ó ṣe eré náà ní 1981, GoLion sì ni wọ́n pè é lọ́hùn-ún. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n rà á, tí wọ́n tún un gé, tí wọ́n sì fún un ní orúkọ tuntun ní 1984 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Irú àwọn eré bẹ́ẹ̀, àti ohun ìṣeré tí ó ti ara wọn jáde, ni wọ́n sọ Nakano Broadway di ibi tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ.

Ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀

Ẹni tí ó bá wà ní Shinjuku, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí èrò pọ̀ sí jù ní Tokyo, kò níláti rìn jìnnà. Yóò wọ ọkọ̀ ojú irin tí ń gba ojú ọ̀nà Chuo, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò ti dé ibùdókọ̀ Nakano. Bí ó bá gba ẹnu ọ̀nà àríwá jáde, òpópónà kan tí wọ́n fi òrùlé bò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni yóò kọ́kọ́ rí. Sun Mall ni wọ́n ń pè é, ó sì gùn ju 200 mítà lọ. Àwọn tí ń ta bàtà, àwọn tí ń ta oògùn àti àwọn tí ń se oúnjẹ ni wọ́n tò sí ọ̀tún àti òsì. Ibi tí òpópónà náà parí sí, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn Nakano Broadway wà.

Ilé alájà mẹ́wàá ni. Àjà abẹ́ ilẹ̀ títí dé àjà kẹrin ni ọjà; láti ìkarùn-ún dé ìkẹwàá, àwọn ènìyàn ni wọ́n ń gbé ibẹ̀. Ní àjà abẹ́ ilẹ̀, ẹja, ewébẹ̀ àti oúnjẹ ni àwọn ìyàwó ilé àti àwọn àgbàlagbà àdúgbò ń lọ rà, àyàfi ti àwọn ọmọdé tí wọ́n ń tò láti ra áísìkiriìmù aláwọ̀ mèremère tí wọ́n tò léra bí òkìtì. Ìyàlẹ́nu gbáà ni àtẹ̀gùn oníná tí ó wà ní àjà kìíní jẹ́ fún àlejò: bí ènìyàn bá gùn ún, kò ní sọ̀ ọ́ ní àjà kejì rárá, àjà kẹta ni yóò gbé e lọ tààrà. Ẹni tí ó bá ń lọ sí àjà kejì níláti wá àtẹ̀gùn tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn. Ní òkè lọ́hùn-ún, ọ̀nà tóóró tóóró ni, àjà rẹ̀ kò ga, ìsọ̀ sì kángun sí ìsọ̀. Ibẹ̀ ni ìyá arúgbó tí ó gbé àlùbọ́sà lọ́wọ́ ti ń yà fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti ilẹ̀ Faransé tàbí Amẹ́ríkà wá wá ìwé àwòrán.

Bí ilé ọlọ́lá ṣe di ilé àlòkù

Kì í ṣe nítorí ohun ìṣeré ni wọ́n ṣe kọ́ ilé náà. Ní 1966 tí wọ́n ṣí i, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Tokyo gbàlejò ìdíje Òlíḿpíìkì ti 1964, owó ń wọlé sí Japan bí omi òjò. Èrò àwọn tí ó kọ́ ọ ni pé kí àwọn ọlọ́rọ̀ máa gbé òkè, kí wọ́n sì máa sọ̀ kalẹ̀ wá ra ọjà nísàlẹ̀. Ọgbà òdòdó àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà lórí òrùlé rẹ̀. Yukio Aoshima, òǹkọ̀wé àti òṣèré tí ó padà di gómìnà Tokyo láti 1995 sí 1999, wà lára àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n gbé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí iná bá ń jó lápá kan, òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ dé apá kejì. Shinjuku tí kò jìnnà ní àwọn ilé ọjà ńláńlá tí wọ́n lẹ́wà ju ti Nakano lọ, àwọn àdúgbò mìíràn náà sì ń kọ́ tiwọn. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń dín kù, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń kó ẹrù wọn, tí ilẹ̀kùn sì ń wà ní títì. Owó ìsọ̀ já wálẹ̀.

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Nakano Broadway kò ní onílé kan ṣoṣo. Ńṣe ni wọ́n ta ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ilé ìgbé kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí ó lówó rẹ̀, olúkúlùkù sì ni ó ni tirẹ̀. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ ṣófo kò ní ọ̀gá tí yóò bi í léèrè irú ọjà tí ó yẹ ilé ọlọ́lá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè san owó díẹ̀ ni yóò gbé e fún.

Ní 1980, ẹnìkan tí ó lè san owó díẹ̀ náà dé. Masuzo Furukawa ni orúkọ rẹ̀, ayàwòrán ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti jáde nínú ìwé ìròyìn Garo tí àwọn olólùfẹ́ manga, èyíinì ni ìwé ìtàn alárànbarà tí wọ́n fi àwòrán sọ, kà sí púpọ̀. Ó gba ìsọ̀ kan ní àjà kejì tí kò tó yàrá tí ènìyàn méjì lè sùn sí dáadáa. Ó to manga àlòkù síbẹ̀, ó sì sọ ìsọ̀ náà ní Mandarake. Nígbà tí àyè kò gbà á mọ́, ó gba ìsọ̀ òfìfo mìíràn, ó tún gba òmíràn. Ní 1987, ó sọ òwò náà di ilé-iṣẹ́ tí òfin mọ̀. Ní 2000, ó wọ ọjà ìdókòwò, níbi tí aráàlú ti lè ra ṣíà rẹ̀. Lónìí, ìsọ̀ Mandarake nínú ilé yẹn nìkan ju ogún lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tí ó ń tà. Àwọn oníṣòwò mìíràn rí i, wọ́n sì tẹ̀ lé e.

Kí ni ó sọ pàǹtírí di wúrà?

Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò ní orí àwọn ará Japan ti dàrú. Orí wọn kò dàrú rárá. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń tọ́jú kì í wọ́n. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń jù nù ni ó ń wọ́n lọ́la. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ Osamu Tezuka, ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá manga òde òní, tí ó kú ní 1989. Ìwé rẹ̀, Shin Takarajima, jáde ní 1947, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí ebi ń pa ìlú. Bébà tí kò dára ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ó sì tà gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé kà á títí ó fi fàya. Nítorí náà, èyí tí ó bá kù títí di òní ń wọ́n bí ojú.

Bákan náà ni ti àwòrán tí ń rìn. Kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kun àwòrán kọ̀ọ̀kan sórí rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ fún eré kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ti ya fọ́tò rẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kà á sí ìdọ̀tí. Lónìí, ìsọ̀ kan wà ní Nakano Broadway tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó máa ta irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Ọmọláńgidi ńkọ́? Ọdún 1966 tí wọ́n ṣí ilé ọjà yìí gan-an ni Ultraman bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, akọni tí ń bá àwọn ẹbọra abàmì jà. Àwọn ẹbọra onírọ́bà tí wọ́n ṣe fún ọmọdé nígbà náà wà lára ohun tí àwọn akónǹkanjọ ń wá kiri. Gundam bẹ̀rẹ̀ ní 1979, Pokémon sì dé ní 1996. Ìran kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀ tí ó ń fi ìgbà èwe rẹ̀ rántí. Ní àjà kẹrin, ìsọ̀ Mandarake kan wà tí wọ́n to òpó pupa sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bí èyí tí ó máa ń wà níwájú ojúbọ ẹ̀sìn Shinto. Bí ẹni ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ pọ̀ nínú ẹ̀fẹ̀ náà. Takashi Murakami pàápàá, ayàwòrán tí iṣẹ́ rẹ̀ ń tà ní owó gọbọi ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ṣí ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà sínú ilé náà.

Òwò tí ó ní òfin

Ọjà àlòkù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà gbàǹjo. Kò sí pé à ń ná an. Iye tí wọ́n kọ ni oníbàárà yóò san. Bí ọmọláńgidi bá wà nínú páálí tí wọ́n fi tà á níjọ́sí, owó rẹ̀ yóò fò sókè. Bí ìka kan bá ti kán, yóò já wálẹ̀. Láti 1949 ni òfin ti wà ní Japan pé ẹni tí yóò máa ra àlòkù láti tún un tà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, abẹ́ ojú àwọn ọlọ́pàá ni ó sì wà. Ẹni tí ó bá gbé ẹrù wá yóò fi ìwé ìdánimọ̀ hàn, wọn a sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí olè má baà sọ ìsọ̀ wọn di ibi ìpamọ́. Ẹni tí kò lówó ìsọ̀ pàápàá lè háyà àpótí gíláàsì kan ṣoṣo, kí ó kó ẹrù rẹ̀ síbẹ̀, kí onísọ̀ máa bá a tà á.

Síbẹ̀, èrè yìí kò kan gbogbo ènìyàn. Bí manga àtijọ́ kan bá tà ní owó ńlá, ẹni tí ó ya àwòrán inú rẹ̀ kò ní gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, nítorí òfin Japan kò fún ayàwòrán ní ìpín nínú àtúntà. Àwọn ọmọ ìlú náà ń kùn. Ní 2024, àwọn àlejò tí ó wọ Japan lé ní mílíọ̀nù 36, iye tí kò ṣẹlẹ̀ rí títí di ìgbà náà, owó yẹ́ẹ̀nì sì já wálẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà lọ́nà tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láti 1986. Ohun tí ó dà bí ọ̀fẹ́ lójú ẹni tí ó ní dọ́là lọ́wọ́ ti ju agbára ọmọ ilé-ìwé Tokyo lọ.

Ta ni yóò sọ pé kí wọ́n wó o?

Ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó jù ṣì ń bọ̀. Ilé náà ti darúgbó. Ìmìtìtì ilẹ̀ kì í jìnnà sí Japan, ní 1981 ni wọ́n sì mú òfin ilé kíkọ́ le sí i nítorí rẹ̀, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí Nakano Broadway. Ní ìtòsí rẹ̀, gbọ̀ngàn Nakano Sunplaza tí wọ́n ṣí ní 1973 ti kógbá sílé ní oṣù keje ọdún 2023. Ilé gogoro ni wọ́n fẹ́ kọ́ dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìkọ́lé gbé sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ètò náà fi forí ṣánpọ́n.

Ní ti irú ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ni, òfin ti pẹ́ tí ó ń sọ pé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn onílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè wó o láti tún un kọ́. Ní 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn dín in kù sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún àwọn ilé tí kò lè dúró níwájú ìmìtìtì ilẹ̀ àti irú wọn. Èyí fi hàn pé ohun tí ó dáàbò bo ọjà yìí títí di òní, èyíinì ni pé kò sí ẹnìkan tí ó lè dá a pa láṣẹ, kò le tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

A kò ní sọ pé kí ẹni tí ó ń sùn ní àjà keje máa sùn nínú ewu nítorí ọmọláńgidi. Ẹ̀mí ju ọjà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó bí ọjà náà. Kì í ṣe ìjọba, kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá. Ìsọ̀ òfìfo tí owó rẹ̀ kò wọ́n ni, àti ẹnìkan tí ó gbà pé ohun tí ìlú ń jù sí ààtàn yẹ ní títọ́jú. Bí wọ́n bá kọ́ ilé tuntun tí ó ń dán gbinrin síbẹ̀ lọ́la, tí owó ìsọ̀ sì di ti olówó nìkan, a lè rí ibi tí wọn yóò kó Ultraman àti àwọn ẹbọra rẹ̀ sí. Furukawa mìíràn, tí kò ní ju ìwé àlòkù àti owó ìsọ̀ kékeré lọ, ni a kò ní rí àyè fún.