Ọtí àti Orí Àtẹ̀gùn: Àlàyé lórí Ìtàn-Ìrántí Ọjọ́ Bọ́ọ̀lù Láàrin Àwọn Ará Ìlọrin

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Iṣẹ́ pọ̀ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ìtàn orírun, ìtàn ogun àti ìtàn ìdílé. Irú ìtàn kan wà, síbẹ̀, tí a kì í sábà kà sí ìtàn rárá, nítorí pé ibi ìgbafẹ́ ni a ti ń gbọ́ ọ. Èyí ni ìtàn tí àwọn àgbàlagbà máa ń sọ nípa ọjọ́ tí wọ́n lọ wo bọ́ọ̀lù nígbà èwe wọn: ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀, ẹni tí wọ́n jọ jókòó, ohun tí wọ́n jẹ, ọtí tí wọ́n mu, àti góòlù tí wọ́n fi ojú ara wọn rí. Ìtàn-ìrántí ọjọ́ bọ́ọ̀lù ni orúkọ tí bébà yìí fún un.

Ohun tí bébà yìí fẹ́ ṣàlàyé ni ipò tí ọtí wà nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin. Ìlú Mùsùlùmí ni Ìlọrin, ìlú tí ó ní Ẹ́míà, tí ìmọ̀ kéwú sì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọtí kò rọrùn lẹ́nu àgbàlagbà Ìlọrin bí ó ti rọrùn lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Iléṣà. Bí olùwádìí kò bá mọ bí a ti ń ka ìtàn náà, ó lè kọ sílẹ̀ pé kò sí ọtí níbẹ̀ rárá, tàbí kí ó kọ sílẹ̀ pé ọtí nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àṣìṣe ni méjèèjì.

2. Pápá àti Ìjókòó

Ìlọrin ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, Kwara Bombers, tí ó di Kwara United lẹ́yìn náà, tí ó sì gba Ife Ààrẹ ní ọdún 2025. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ìgbà èwe bá dé láàrin àwọn tí ó ti dàgbà, kì í pẹ́ kí ó tó dé Ìbàdàn. Ní ọdún 1960 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí pápá ìṣeré Liberty níbẹ̀. Ọ̀nà tí ó ti Ìlọrin lọ síbẹ̀ gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ kọjá, ó sì tó nǹkan bí 160 kìlómítà.

Ní ọdún 1976, ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn borí Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n sì gba Ife Àwọn Olúborí-Ife ti Áfíríkà. Wọ́n jẹ 4 sí 1 nílé, wọ́n pàdánù 0 sí 1 lẹ́yìn odi, wọ́n sì di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Shooting Stars àti Rangers ti Ẹnúgù pàdé nínú ìdíje kan náà, kí ó tó kan àṣekágbá. Kàdúná ni wọ́n ti gbá ìpàdé kejì, Rangers sì fi pẹnáríti borí. Ọ̀nà ilẹ̀ láti Ìbàdàn sí Kàdúná gba Ìlọrin àti Jẹ́bà kọjá. Ní oṣù kẹta ọdún 1980, Nàìjíríà na Algeria 3 sí 0 ní Sùúrùlérè láti gba Ife Áfíríkà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Mudà Lawal jẹ ọ̀kan, ẹgbẹ́ Shooting Stars ni àwọn méjèèjì sì ti wá. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ni èèkàn tí a ń so ìtàn-ìrántí mọ́.

Nínú pápá, ibi tí ìtàn náà ti máa ń wáyé ni apá tí a ń pè ní pópúlà sáìdì. Ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn kọnkéré wà, níbi tí owó ìwọlé kò ti wọ́n. Àwọn èèkàn àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń jókòó sí abẹ́ òrùlé. Mẹkáníìkì, awakọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò kékeré ń fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ nínú oòrùn. Ẹni tí kò mọ ẹnì kejì rẹ̀ rí yóò gbá a mọ́ra bí góòlù bá wọlé. Ìdí nìyí tí ìtàn-ìrántí fi ń pẹ́ lórí àtẹ̀gùn ju orí pápá gan-an lọ. Ní Liberty, olùsọ wà láàrin èrò tí ó sọ ọ́ di ẹni ńlá fún wákàtí méjì. Kò sì rọrùn fún ènìyàn láti gbàgbé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

3. Ọtí àti Òfin

Kí bíà tó dé, Yorùbá ti ní ọtí tirẹ̀. Ẹmu àti ògùrọ̀ wà, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a fi àgbàdo ṣe wà, burúkùtù àti pìtó tí a fi ọkà bàbà ṣe náà sì wà, pàápàá ní ìhà àríwá. Ọtí jẹ́ ohun ìkíni, ohun ìtọrọ àti ohun ètùtù. Bíà ìgò ni ó wá di ọtí ọjọ́ bọ́ọ̀lù. Ọdún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries ní Èkó. Guinness bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọdún 1962. Gulder dé ní ọdún 1970. Ilé-iṣẹ́ International Breweries ní Iléṣà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn Trophy ní ìparí ọdún 1978. Bíà jẹ́ àmì pé ènìyàn ń gba owó oṣù, pé ó ti kúrò lọ́mọ ilé. Ẹni tí ó bá ra ìgò kan fún ọ̀rẹ́ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ti sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ara rẹ̀ tí kò nílò ẹnu.

Ní Ìlọrin, ohun mìíràn kún un. Abẹ́ Ìhà Àríwá ni Ìlọrin wà títí di ọdún 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tí ó wá ń jẹ́ Kwara sílẹ̀. Ní ọdún 1960, Ìhà Àríwá gba ìwé òfin tí a ń pè ní Penal Code. Abala 403 nínú rẹ̀ sọ pé bí Mùsùlùmí bá mu ohunkóhun tí ó ní ọtí nínú, tí kì í bá ṣe fún ìwòsàn, a lè jù ú sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ju pọ́n-ùn márùn-ún lọ, tàbí kí ó jẹ méjèèjì. Kwara jogún ìwé òfin yìí. Ìwé òfin mìíràn, Criminal Code, ni wọ́n ń lò ní Ìhà Ìwọ̀-Oòrùn, kò sì sí irú abala bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí tí ó bá kúrò ní Ìlọrin lọ wo bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn ti kọjá ààlà òfin kí ó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgò tí ó lè sọ ọ́ di arúfin ní Sábó Òkè kò sọ ọ́ di nǹkankan ní ẹnu ọ̀nà Liberty. Ẹ̀ṣẹ̀ lójú ẹ̀sìn kò yí padà, ṣùgbọ́n ojú aládùúgbò, ojú àáfáà àti ojú òfin ti jìnnà. Nítorí náà, ìrìnàjò bọ́ọ̀lù jẹ́ ìrìnàjò sí ibi tí a kò ti mọ ènìyàn. Èyí lè jẹ́ kókó kan tí ìtàn-ìrántí Ìlọrin fi máa ń tẹnu mọ́ ọ̀nà, ọkọ̀ àti ibi tí a ti dúró ju ilé lọ.

4. Ìlò Èdè nínú Ìtàn Náà

Èdè Yorùbá fún olùsọ ní ọ̀nà mẹ́ta, ó kéré tán, láti sọ̀rọ̀ ọtí láìjẹ́ pé ó fi ara rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀sùn.

(i) Wọ́n tí kò ní ẹni kan pàtó. Nínú gbólóhùn bí “Wọ́n gbé ọtí wá,” ó ṣeé ṣe kí wọ́n tọ́ka sí àwọn ènìyàn kan; ó sì ṣeé ṣe kí ó má tọ́ka sí ẹnikẹ́ni, kí ó kàn sọ pé ọtí dé ibẹ̀. Olùgbọ́ kò lè béèrè pé “Ta ni?” láìṣe aláìmọ̀wàáhù.

(ii) A tí ó bo èmi. “A mu títí ilẹ̀ fi ṣú” fi olùsọ sínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó gba ọ̀fun òun fúnra rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó mu míńírà láàrin àwọn tí ó ń mu Star lè sọ gbólóhùn náà, kò sì purọ́.

(iii) Ọ̀rọ̀-ìṣe mu láìsí àbọ̀. A ń mu omi, a ń mu ẹ̀kọ, a ń mu ọtí, a sì ń mu sìgá. Bí àgbàlagbà bá sọ pé “A jẹ, a mu,” ó fi àyè sílẹ̀ fún olùgbọ́ láti fi ohun tí ó bá mọ̀ dí i.

Ohun tí ó ń darí yíyàn láàrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹni tí ó wà ní ìjókòó. Ẹni tí ó ti lọ sí Mẹ́kà, tí a ń pè ní Àlàájì, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, kò lè sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó wà pẹ̀lú àwọn ojúgbà rẹ̀ nìkan. Bí ó bá ku àwọn ojúgbà, mo lè jáde. Bí àna bá wọlé, mo yóò padà di wọ́n. Ẹ̀rí ni yíyí yìí fúnra rẹ̀ jẹ́, bí olùwádìí bá ti kọ ẹni tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀.

5. Mímọ Ọjọ́ Orí Ìrántí

Ọtí tún wúlò fún mímọ ìgbà. Bí olùsọ kan bá sọ pé òun mu Gulder ní Liberty lọ́jọ́ tí Dick Tiger àti Gene Fullmer ja ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, ọjọ́ méjì ti wọnú ara wọn, nítorí pé Gulder kò tíì sí. Bí ẹlòmíràn bá mu Trophy lẹ́yìn ife ọdún 1976, bákan náà ni.

Owó gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Olùwádìí lè rò pé ẹni tí ó san ṣílè ń sọ̀rọ̀ ìgbà tí ó ṣáájú ọdún náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè, wọ́n sì ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì, fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí owó ti yí padà. Orúkọ pápá náà dà bẹ́ẹ̀: láti ọdún 2010 ni Liberty ti ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣùgbọ́n Liberty ni ó ṣì wà lẹ́nu àgbà.

Kò yẹ kí a ju ìtàn nù nítorí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Gulder inú ọdún 1963 sọ fún wa pé olùsọ ti lọ sí Liberty ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àti pé ó ti hun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ pọ̀ di ọjọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn kan wà, síbẹ̀, tí ìtàn kì í dárúkọ. Obìnrin ni ó ń ta ẹmu, ó ń yan bọ̀ọ̀lì, ó ń se ẹran, ó ń ṣírò ìgò òfìfo lẹ́yìn tí èrò bá ti tú. Òun ni ó mọ iye tí wọ́n mu, ojú rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ìtàn ọjọ́ bọ́ọ̀lù tí a kò bi í léèrè ti pàdánù ẹlẹ́rìí tí ó sàn jù.

6. Ewu tí Ó Wà nínú Àṣìkà

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kù tí a fẹ́ fi ọtí ayé àtijọ́ ṣe. Ìdáhùn wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1980, lẹ́yìn ìjà orí pápá Hampden láàrin àwọn alátìlẹ́yìn Celtic àti Rangers ti Glasgow, wọ́n fi òfin de ọtí ní pápá bọ́ọ̀lù Scotland. Ní ọdún 1985, irú òfin bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Láti ìgbà náà, ọ̀mùtí ni ọ̀pọ̀ aláṣẹ ka olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù sí.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1989, èrò fún ara wọn pa lórí àtẹ̀gùn Hillsborough ní Sheffield. Àwọn alátìlẹ́yìn Liverpool 97 ni ó bá a lọ. Àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ìwé ìròyìn kan di ẹ̀bi ru ọtí. Wọ́n tilẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òkú wò fún ọtí, títí kan ti àwọn ọmọdé. Ó di ọdún 2012 kí ìgbìmọ̀ olómìnira tó fi hàn pé irọ́ ni ẹ̀sùn náà, ó sì di ọdún 2016 kí ìgbẹ́jọ́ lórí ikú wọn tó dá àwọn alátìlẹ́yìn láre. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni àwọn ìyá àti bàbá fi gbé ẹ̀sùn tí kì í ṣe tiwọn.

Ìtàn ọtí tí a sọ fún ẹ̀rín lè di ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìdí tí a fi sọ ọ́. Ní Ìlọrin, ewu náà ní ojú méjì. Bí a bá gba ìdákẹ́jẹ́ gbọ́, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ìgbà náà yóò di ẹni mímọ́ tí wọn kò jẹ́ rí. Bí a bá gba ìfọ́nnu gbọ́, ìran kan tí ó dúró nínú oòrùn pẹ̀lú ọsàn àti gúgúrú lọ́wọ́ yóò di ọ̀mùtí nínú ìwé.

7. Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti gbìyànjú láti ṣàlàyé pé ọtí inú ìtàn-ìrántí ọjọ́ bọ́ọ̀lù ní Ìlọrin ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta: ó jẹ́ àmì ìdàgbà àti ìbárẹ́, ó jẹ́ àmì ààlà láàrin ilé àti ìdálẹ̀, ó sì jẹ́ ohun tí a fi ń mọ ọjọ́ orí ìrántí. Ó dábàá pé kí ẹni tí ó bá ń gba irú ìtàn yìí sílẹ̀ máa kọ àwọn tí ó jókòó mọ́ olùsọ sílẹ̀, kí ó máa tọ́jú ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ gẹ́gẹ́ bí a ti pè é láìtún un ṣe, kí ó bi àwọn obìnrin onísọ̀ léèrè, kí ó sì fi orúkọ olùsọ pamọ́ bí ó bá ti fẹ́.

Lónìí, ilé ìwòran ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Ìlọrin ti ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mudà Lawal ti kú láti ọdún 1991, àwọn tí ó sì wò ó láti orí àtẹ̀gùn kọnkéré ń dín kù. Bí ìtàn wọn yóò bá wọ ìwé, ó yẹ kí ó jẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ fúnra wọn ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n sọ pé “A mu.”