Ìkọ́ àti Oríkèé: Àlàyé lórí Pátákó Ilẹ̀ Oníke ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti ṣàlàyé bí àwọn pátákó ilẹ̀ oníke tí ó ní ìkọ́ létí ṣe ń so pọ̀ di ilẹ̀ kan ṣoṣo, láìlo síméńtì, láìlo ìṣó, láìlo gọ́ọ̀mù. Ìdí méjì ni a fi mú Ṣómólú àti Bàrígà. Èkíní ni pé àwọn ayálégbé pọ̀ ní àdúgbò méjèèjì, ẹni tí ó sì ń gbé inú ilé onílé kò lè fi ojú tí onílé fi ń wo ilẹ̀ ilé wò ó. Èkejì ni pé Bàrígà bá ọ̀sà pààlà. Níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ lápá Ìlàjẹ, omi kì í ti òkè nìkan wá bá ilẹ̀ ilé. Ó ń ti ìsàlẹ̀ wá pẹ̀lú. Èrò wa ni pé oríkèé ni ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra pátákó yìí kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ṣáájú àwọ̀ rẹ̀ àti ṣáájú bí ó ti nípọn tó. Àǹfààní tí ó wà nínú rẹ̀ àti ewu tí ó wà nínú rẹ̀, láti oríkèé ni méjèèjì ti ń wá.

Ó yẹ kí á tọ́ka sí ìṣòro kan nípa orúkọ. Bí ènìyàn bá dárúkọ íńtálọ́ọ̀kì ní Èkó, òkúta síméńtì tí wọ́n ń tò sí àgbàlá àti ẹ̀bá ọ̀nà ni ọkàn olùgbọ́ yóò lọ bá. Kì í ṣe èyíinì ni à ń sọ níhìn-ín. Nítorí náà, pátákó oníkọ̀ọ́ ni a ó máa pè é. Ibi tí pátákó méjì ti pàdé ni a ó máa pè ní oríkèé, nítorí pé kì í ṣe ojú ìpàdé lásán: ó ń gbé ẹrù, ó sì ń ṣẹ́ bí oríkèé ara ti ń yẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ilẹ̀ fi ń so pọ̀

Bí a bá yọ ìṣó sílẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín ìsopọ̀ ilẹ̀ sí. Èkíní ni ìlẹ̀mọ́. Síméńtì ni ó di táìsì mú mọ́lẹ̀; táìsì kan kò fi èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe àtìlẹ́yìn. Bí ó bá yá kí á ṣí i, fífọ́ ni a ó fọ́ ọ.

Èkejì ni ìfúnmọ́ra, èyí sì ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Nínú ilẹ̀ àpáàdì tí Frank Willett wú jáde ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àti èyí tí Peter Garlake wú jáde ní ilẹ̀ Ọbalárá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àpáàdì kì í dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi gún un mọ́lẹ̀, tí ìlà kan tẹ̀ sọ́tùn-ún tí èkejì sì tẹ̀ sósì bí eegun ẹja. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ so irú ilẹ̀ yìí mọ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni. A sì ti rí irú rẹ̀ títí dé orílẹ̀-èdè Benin àti Togo. Ohun tí ó mú àpáàdì kan dúró ni àpáàdì tí ó fún un lọ́tùn-ún lósì. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú tí ó ti lo ẹ̀rọ onílẹ́tà òjé rí mọ irú ìsopọ̀ yìí dáadáa. Wọn a to lẹ́tà sínú férémù irin, wọn a sì fún un pinpin, tó bẹ́ẹ̀ tí a lè gbé odindi ojú ìwé kan láìjẹ́ pé ẹyọ lẹ́tà kan bọ́. Bí a bá dẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ a tú. Íńtálọ́ọ̀kì àgbàlá pàápàá wà lábẹ́ ìsọ̀rí yìí láìka orúkọ rẹ̀ sí, nítorí iyanrìn tí ó wà láàrin òkúta àti kọnkéré tí ó há a mọ́ létí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹta ni ìfikọ́ra. Nínú èyí, bí a ti gbẹ́ etí nǹkan ni ó ń dè é, kì í ṣe ohun tí a fi lẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe agbára tí ó ń fún un láti ìta. Inú ìsọ̀rí yìí ni pátákó oníkọ̀ọ́ wà.

Akọ àti abo

Pátákó kan ní etí mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ gígùn kan àti ẹ̀gbẹ́ kúkurú kan jẹ́ akọ. Àwọn méjì yòókù jẹ́ abo. Akọ ni etí tí ó yọ síta bí ahọ́n, abo ni èyí tí ó la sínú bí ẹnu. Ẹnu abo ní ètè méjì. Ètè òkè kúrú. Ètè ìsàlẹ̀ gùn jù ú lọ, ìparí rẹ̀ sì ga díẹ̀ bí ebè oko. Lábẹ́ akọ, poro kan wà tí ó bá ebè yìí mu rẹ́gí.

Bí a bá ti akọ lọ́ọ̀ọ́kán sínú abo, kò ní wọlé, nítorí ebè dí i lọ́nà. A ní láti gbé ẹ̀yìn pátákó náà sókè kí ó dagun, kí ahọ́n rẹ̀ wọ abẹ́ ètè òkè, kí á wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, ètè ìsàlẹ̀ a tẹ̀ díẹ̀, ebè a bọ́ sínú poro, ètè a sì padà sí ipò rẹ̀. Ìdè méjì ni ó wáyé lẹ́ẹ̀kan náà. Ahọ́n tí ó wà lábẹ́ ètè òkè kò jẹ́ kí pátákó kan ga ju èkejì lọ. Ebè tí ó wà nínú poro kò jẹ́ kí wọ́n fà kúrò lára ara wọn.

Ìdè àkọ́kọ́ kì í ṣe tuntun. Ó ti pẹ́ tí káfíńtà ti ń gbẹ́ ahọ́n àti ihò sí etí pákó, ṣùgbọ́n ìṣó tàbí gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe ìdè kejì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Perstorp ti orílẹ̀-èdè Swídìn hùmọ̀ pátákó ilẹ̀ aláfikún ní 1977, èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ Pergo, gọ́ọ̀mù ni wọ́n ṣì ń fi sínú oríkèé rẹ̀. Ní 1996 ni Välinge, tí ó jẹ́ ti Swídìn bákan náà, mú oríkèé tí kò lo gọ́ọ̀mù jáde; Unilin ti Bẹ́ljíọ́ọ̀mù gbé tirẹ̀ jáde ní 1997. Láti orí pátákó onígi ni ìkọ́ yìí ti bọ́ sí orí pátákó oníke.

Ẹ̀gbẹ́ kúkurú ní ìṣòro tirẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ ẹ̀gbẹ́ gígùn kalẹ̀, a kò lè mú ẹ̀gbẹ́ kúkurú dagun lọ́nà tirẹ̀ mọ́. Nítorí náà, àwọn pátákó kan wà tí a ń fi òòlù rọ́bà lù wọlé láti òkè. Àwọn mìíràn ní ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú etí yìí, tí ó ń sá sẹ́yìn bí akọ ti ń wọlé, tí ó sì ń ta padà bí ahọ́n àgádágodo. A kì í jẹ́ kí oríkèé kúkurú ìlà kan ṣe déédéé pẹ̀lú ti ìlà kejì. Ó kéré tán, a ń fi nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà yà wọ́n, bí bíríkìlà ti ń to búlọ́ọ̀kù.

Ilẹ̀ tí kò lẹ̀ mọ́lẹ̀

Nígbà tí gbogbo yàrá bá ti kún, ohun tí a ní ni ẹní ńlá kan tí ó sùn lórí síméńtì láìlẹ̀ mọ́ ọn. Ooru ń mú kí ike ràn, òtútù ń mú kí ó sún kì. Odindi ẹní náà ni ó sì ń rìn. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ yí ògiri ká, nǹkan bí mìlímítà 8 sí 10, kí á sì fi igi ìdí ògiri bò ó. Ara ògiri ni a ń kan igi náà mọ́, a kì í kàn án mọ́ pátákó. Onílé tí ó bá ní kí wọ́n tì í mọ́ ògiri pẹ́kípẹ́kí kí ó lè dára lójú yóò rí i kí àárín yàrá wú sókè lọ́jọ́ kan, pàápàá níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Bákan náà, bí kọ́bọ́ọ̀dù wúwo bá tẹ ẹ̀gbẹ́ kan yàrá, tí òmíràn sì tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹní náà kò lè rìn mọ́, oríkèé kan láàrin ni yóò sì là.

Ewu tí ó ga jù, lójú tiwa, ni ti síméńtì tí kò tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe pátákó yìí béèrè pé kí gíga òun rírẹlẹ̀ má ju mìlímítà 3 lọ láàrin mítà 2. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ jẹ́ síméńtì tí a fi ọwọ́ dán, tí ẹsẹ̀ ti jẹ níbi ẹnu ọ̀nà, tí ó sì ti sán káàkiri. Níbi tí kòtò bá wà lábẹ́ oríkèé, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ ibẹ̀ ni ètè ìsàlẹ̀ ń tẹ̀. Ètè náà kò nípọn tó nǹkan, nítorí pé odindi pátákó lè má ju mìlímítà 4 sí 6 lọ. Bí ó bá ti ṣẹ́, ìdè kejì ti lọ nìyẹn, kò sì sí àtúnṣe fún un ju kí á pààrọ̀ pátákó lọ. Kí á gbé igi títọ́ gígùn sórí síméńtì kí á wo abẹ́ rẹ̀ kò náni ní kọ́bọ̀. Fóòmù rírọ̀ tí àwọn kan ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kì í dí kòtò. Bí ó bá nípọn jù, òun gan-an ni ó ń jẹ́ kí oríkèé máa tẹ̀.

Omi

Àwọn tí ń tà á sọ pé omi kò ràn án. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ nípa pátákó ni, kì í ṣe nípa ilẹ̀. Irú méjì tí ó jọra lójú ni ó wà lọ́jà. Ọ̀kan ni èyí tí a fi ike PVC àti lẹ́búlẹ́bú òkúta ẹfun pò. Kì í mu omi. Èkejì ni èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ èérún igi tí ẹ̀rọ fún pọ̀, tí wọ́n wá fi àwòrán igi bò lójú. Bí omi bá wọ oríkèé èkejì yìí, etí rẹ̀ a wú, kì í sì í padà bọ̀ sípò. Etí tí a gé ni kí á wò: ti èérún igi a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ti olókùúta a máa rí bí eérú, a sì máa wúwo. Ẹni tí ó bá ṣì ń ṣiyè méjì lè rẹ ègé kan sínú garawa mọ́jú.

Olókùúta náà kò sọ yàrá di ọkọ̀ ojú omi. Oríkèé lè dá omi tí ó dà sílẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àyè etí ògiri ṣí sílẹ̀, omi tí ó bá sì ti abẹ́ síméńtì wá kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ oríkèé rárá. Yóò há sáàrin síméńtì àti ike, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, yóò sì máa rùn. Fún ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ ń lágùn ní Bàrígà, ọ̀rá nínípọn lábẹ́ pátákó ń dín ọ̀rinrin kù, kò sì lè dá ẹ̀kún omi dúró. Ibi tí ìkọ́ ti wúlò ni lẹ́yìn tí omi bá ti fà. A ó yọ igi ìdí ògiri, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tí a tò kẹ́yìn, a ó gbé e dagun bí a ti gbé e wọlé, a ó tú u ní ìlà kọ̀ọ̀kan, a ó fọ̀ ọ́, a ó dúró kí síméńtì gbẹ dáadáa, a ó sì tún un tò.

Ayálégbé àti ilẹ̀ ilé

Ìlànà kan wà nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé ohun tí a bá so mọ́ ilẹ̀ ti di ti onílẹ̀. Ayálégbé tí ó fi owó ara rẹ̀ lẹ táìsì ti fi í ta onílé lọ́rẹ. Òfin Ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011, tí Ṣómólú àti Bàrígà wà lára ibi tí ó kàn, fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gba owó àtúnṣe padà bí onílé bá ní kí ó kó jáde, ṣùgbọ́n bí onílé bá ti fi ọwọ́ sí ìwé fún àtúnṣe náà tẹ́lẹ̀ ni. Àwa kì í ṣe amòfin. Síbẹ̀, ó hàn pé ilẹ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, tí a lè kó láìba síméńtì jẹ́, súnmọ́ ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì ju táìsì lọ. Ó dára kí ayálégbé kọ èyí sínú ìwé kí ó tó tẹ́ ẹ, kí ó má di ohun tí a ó máa fa ẹnu lé lórí lọ́jọ́ ìkẹ́rù.

A kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn nípa kíkó o lọ. Àwọn tí a gé létí ògiri bá ìwọ̀n yàrá kan mu, wọn kò sì dandan bá ti òmíràn mu. Gbogbo ìtúpalẹ̀ sì ń jẹ ètè abo díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ilẹ̀ rẹ̀ láti Bàrígà lọ sí Ṣómólú ní láti ra páálí kan tàbí méjì lé sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà, nítorí pé ìkọ́ ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà wọ ẹnu ti èkejì, bí àwọ̀ wọn tilẹ̀ bára mu.