Oògùn kò mọ́ wa lára: kòkòrò inú ìfun ló ń pín jíìnì

Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ti dé etígbọ̀ọ́ ọ̀pọ̀ wa: nínú àwọn àìsàn bakitéríà tí ilé àyẹ̀wò fìdí wọn múlẹ̀ lágbàáyé ní 2023, ọ̀kan nínú mẹ́fà ni kòkòrò rẹ̀ ti tako oògùn apakòkòrò. Ní Áfíríkà, ọ̀kan nínú márùn-ún ni. Ohun tí àwọn èèyàn sì máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀ ni pé, "Oògùn yẹn ti mọ́ mi lára, kò ràn mí mọ́." Gbólóhùn yẹn gan-an ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Ara èèyàn kọ́ ló yí padà, kòkòrò ni. Kòkòrò náà sì lè má tíì fojú kan oògùn ọ̀hún rí. Aládùúgbò rẹ̀ nínú ìfun ló lè fún un lágbára.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. E. coli, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbé inú ìfun gbogbo èèyàn, ní okùn DNA ńlá kan tí jíìnì rẹ̀ bíi 4,000 sí 5,000 wà lórí rẹ̀. Yàtọ̀ sí okùn yìí, ó tún lè ní àwọn òrùka DNA kéékèèké tí wọ́n ń pè ní plasmid. Bí méjì bá pàdé, èyí tó ní plasmid lè na ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan jáde, kí ó fi fa ìkejì mọ́ra, kí ó sì ta ẹ̀dà òrùka náà sí i nínú. Ó dà bí ẹni tó ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé rẹ̀ fún aládùúgbò: tirẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí jíìnì tó ń sọ ampicillin di asán bá wà lórí òrùka yẹn, tí ti tetracycline wà níbẹ̀, tí ti streptomycin náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló jọ máa ṣí lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilẹ̀ Jàpáàn ni àṣírí yìí ti tú. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, àwọn dókítà ibẹ̀ ń rí àwọn tí ìgbẹ́ ọ̀rìn ń ṣe, tí wọ́n lo oògùn kan ṣoṣo, àmọ́ tí Shigella, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn yẹn, ti tako oògùn mẹ́rin nínú wọn. Nígbà tó fi máa di 1959, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti fi hàn pé Shigella àti E. coli, tí orúkọ wọn kò jọ ara wọn, ń gbé agbára náà fún ara wọn.

Iruka Okeke, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn ní Ifẹ̀, ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2000, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí E. coli 758 tí wọ́n rí nínú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Ní 1986, ìdá 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló tako tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin, bí oògùn kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Ní 1998, ó ti di ìdá 56 sí 100. Ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn le koko. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn: ìfun ẹni tí kò ṣàìsàn ti di àká tí kòkòrò burúkú lè wá kó jíìnì.

Níbi tí kíka jẹ́nómù, ìyẹn gbogbo DNA kòkòrò, ti wúlò nìyí. Bí o bá tẹ́ ìgbẹ́ sórí agar MacConkey, oúnjẹ tí wọ́n fi ń gbin kòkòrò, di ọjọ́ kejì, E. coli á yọ ní àmì roboto aláwọ̀ osùn. Èyí tí kò léwu àti èyí tó lè pa ọmọdé, bákan náà ni wọ́n rí lójú. Bí wọ́n bá ka lẹ́tà DNA rẹ̀, tí ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún, wọ́n lè mọ èwo lèwo, kí wọ́n sì mọ̀ bóyá ẹ̀yà kòkòrò kan ṣoṣo ló ń tàn ká ilé ìwòsàn tàbí plasmid kan ló ń fò láti ara ẹ̀yà kan sí òmíràn.

Ẹ̀yà kan tí Okeke ti ṣiṣẹ́ lé lórí gan-an ni enteroaggregative E. coli, tí ń tò jọ gègèrè sára awọ ìfun. Ní 2011, irú rẹ̀ kan ní Jámánì ti gba jíìnì májèlé Shiga lára fáírọ́ọ̀sì, ó sì tún ní plasmid tó ń tako oògùn. Ó lé ní 3,800 èèyàn tó kó o, 54 sì kú. Ẹ̀hù ewébẹ̀ tí wọ́n jẹ ní tútù ló gbé e wọlé.

Síbẹ̀, bí enteroaggregative E. coli ṣe lè fa ìgbẹ́ gbuuru tó, wọ́n ń rí i lára ọmọ tí kò yàgbẹ́ gbuuru rárá. Lójú tèmi, àkójọpọ̀ jíìnì tí kòkòrò kọ̀ọ̀kan gbé ló ṣeé ṣe kí ó fa ìyàtọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi tí ọmọ náà ń rí. Àmọ́ ẹ̀rí kò tíì pọ̀ tó, kò sì lè pọ̀ bí àwọn ilé àyẹ̀wò wa kò bá lágbára. Ohun tí Okeke fi gbogbo ìwé rẹ̀ ti 2011, *Divining Without Seeds*, jà fún nìyẹn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má sáré lọ ra áńtíbáyótíìkì ní kẹ́míìsì. ORS àti zinc ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ jìn wọlé, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò ìgbẹ́.