Agbọ́n Tí Ó Gba Ẹ̀gẹ́ Là

Àwọn àgbà a máa wí pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ọ̀ràn ẹ̀gẹ́ fi hàn pé ohun tí yóò jẹ kòkòrò náà lè gba inú ara kòkòrò wá.

Ẹni tí ń ra gàrí ní Abúlé Òkúta kò ní oko lẹ́yìnkùlé; bí ẹ̀gẹ́ bá kú lóko, ebi dé bá a nílé. Ewu yìí sún mọ́lé ní 1979, nígbà tí kòkòrò kan tí ó funfun bí ẹni pé a bu ìyẹ̀fun lé e wọ Nàìjíríà. Gúúsù Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀ wá, ni ó ti wá. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò sì bá a rìn. Ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ni ó ń fa omi rẹ̀ mu, tí ewé fi ń ká jọ.

Hans Herren àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí IITA, Ìbàdàn, wá ọ̀tá náà lọ. Ní 1981 a rí agbọ́n tín-ín-rín kan ní Paraguay. A yẹ̀ ẹ́ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má baà kó ibi mìíràn wọlé, kí a tó tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún kan náà.

Inú kòkòrò náà ni agbọ́n yìí ń yé sí. Ọmọ rẹ̀ a jẹ ẹ́ láti inú títí yóò fi ku èèpo gbígbẹ. Bí kòkòrò bá pọ̀, agbọ́n a pọ̀. Bí ó bá dín, òun náà a dín. Kòkòrò náà kò run tán, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká oko mọ́. Àgbẹ̀ kò sì san kọ́bọ̀.