Gbohùngbohùn, Ìlà Àwòrán àti Oókan pẹ̀lú Òdo: Ìbéèrè Kan Ṣoṣo nínú Ẹ̀kọ́ Ẹlẹ́tíróníìkì Ọdún Àṣekágbá

Ìfáàrà

Ọdún márùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ìdánwò àṣewọlé wọlé máa ń fi kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún kẹrin, yóò lo oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́ lábẹ́ ètò SIWES, èyí tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Ọdún karùn-ún ni ẹ̀kọ́ ń jinlẹ̀ sí ẹ̀ka. Lára ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹ́tíróníìkì ń bá pàdé níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ẹ̀kọ́ nípa rédà, àti ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń ṣètò sákíìtì díjítà. Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú akẹ́kọ̀ọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń há fọ́múlà ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí, tí wọ́n ń dà á sórí ìwé lọ́jọ́ ìdánwò, tí gbogbo rẹ̀ sì ń pòórá kí wọ́n tó délé.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: báwo ni ẹ̀rọ ṣe lè mọ àkókò tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an, nígbà tí àkókò náà kéré débi pé ojú kò lè tó o? Ọ̀rọ̀ náà kan ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni gbọ̀ngbọ̀n. Láti ọdún 1970 ni ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dán an wò pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ibi tí ètò náà dúró sí ni ọmọ ti ń sọdá sínú èdè mìíràn, ibẹ̀ náà sì ni òye ti sábà máa ń já. Bí kò bá sí ẹni tó lè fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀kọ́ tó ga, àfẹnusọ lásán ni yóò jẹ́ láti máa sọ pé èdè náà tó o ṣe.

Àwòrán tí a ń kà bí ìwé

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Lójú àwọn tó wò ó, odidi àwòrán ló wà lára gíláàsì. Ní òtítọ́, kókó ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló ń sáré káàkiri ibẹ̀. Ó ń lọ láti òsì sí ọ̀tún bí ojú ẹni tó ń kàwé. Bó bá dé ìpẹ̀kun ìlà, á yára padà sí òsì, á sì bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀. Ojú ènìyàn ni kò yára tó láti rí i.

Nínú ìlànà tí Nàìjíríà mú lò fún irú àwòrán àtijọ́ yìí, ìlà 625 ló para pọ̀ di àwòrán kan, àwòrán 25 ló sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ojú má baà máa ṣẹ́, a kọ́kọ́ ń kọ àwọn ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí a tó padà kọ àwọn tó wà láàárín wọn. Bí a bá sọ 625 di ìlọ́po 25, a ó ní ìlà 15,625 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá sì pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní máíkírósẹ́kọ́ǹdì. Máíkírósẹ́kọ́ǹdì 64 péré ni ìlà kan ní. Nǹkan bí 52 nínú rẹ̀ ló ń gbé àwòrán. Àkókò ìpadàsẹ́yìn ni 12 tó kù, inú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ sì ti ń fi àmì kan ránṣẹ́, tí kò pé máíkírósẹ́kọ́ǹdì 5, láti wí fún ẹ̀rọ inú ilé pé ìlà tuntun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àmì kékeré yìí ni ọkàn gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Bí ẹ̀rọ inú ilé bá pàdánù rẹ̀, àwòrán á wọ́. Àwọn tó ti dàgbà mọ ohun tí à ń sọ: ọmọ kan á wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tí ń yí kókó, àwọn tó jókòó níwájú á máa pariwo pé, "Ó ti dúró, má fọwọ́ kàn án mọ́!" Kò sí ẹni tó sọ fún ọmọ náà pé aago ló ń tún ṣe.

Ẹni tó pariwo lẹ́sẹ̀ òkè

Bí ọdẹ bá pariwo lẹ́sẹ̀ òkè Ìdànrè, ohùn rẹ̀ á lọ kọlu àpáta, á sì padà wá bá a. Gbohùngbohùn ni Yorùbá ń pe èyí. Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gbohùngbohùn bá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 2, ohùn ti rin mítà 680 ní àlọ àti àbọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, mítà 340 ni àpáta fi jìnnà. Pípín tí a pín in sí méjì yìí ṣe pàtàkì, ó sì rọrùn láti gbàgbé.

Iṣẹ́ ọdẹ yìí náà ni rédà ń ṣe, àmọ́ ìgbì rédíò ló fi ń pariwo. Ìgbì rédíò ń rin nǹkan bí kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà máíkírósẹ́kọ́ǹdì kan dúró fún mítà 150. Ọkọ̀ òfurufú tó wà ní kìlómítà 15 á fi gbohùngbohùn rẹ̀ ránṣẹ́ padà lẹ́yìn máíkírósẹ́kọ́ǹdì 100. Ẹ̀rọ tó bá fi máíkírósẹ́kọ́ǹdì kan ṣoṣo ṣi àkókò mú ti fi ọkọ̀ náà sí ibi tí kò sí.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1935, Robert Watson-Watt àti Arnold Wilkins fi hàn nítòsí Daventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé èyí ṣeé ṣe. Ìgbì ilé iṣẹ́ rédíò BBC tó ti wà nínú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò, wọ́n sì rí àmì ọkọ̀ òfurufú tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 13. Wọn kò tíì wọn bó ṣe jìnnà tó lọ́jọ́ náà. Pé ọkọ̀ ń dá ìgbì padà ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ibi tó ṣòro jù nínú ẹ̀kọ́ rédà ni ti ariwo tó tẹ̀ lé ariwo. Ká ní rédà kan ń pariwo nígbà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Máíkírósẹ́kọ́ǹdì 1,000 ló wà láàárín ariwo kan sí èkejì, ìyẹn ni pé kìlómítà 150 ni òpin ibi tí gbohùngbohùn ti lè dé kí ariwo mìíràn tó jáde. Bí ọkọ̀ kan bá wà ní kìlómítà 160 ńkọ́? Gbohùngbohùn rẹ̀ á dé lẹ́yìn tí ariwo kejì ti jáde, rédà á rò pé ariwo kejì ló ń dáhùn, á sì fi ọkọ̀ náà sí kìlómítà 10. Ọkọ̀ tó wà lọ́nà jíjìn ti di ọkọ̀ ẹnu ilẹ̀kùn. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a máa yí àlàfo àárín ariwo padà: ọkọ̀ tó wà nítòsí lóòótọ́ á dúró sójú kan, èyí tó jẹ́ ẹ̀tàn á máa sún kiri.

Gbohùngbohùn kò sì lè sọ ẹni tó ni ọkọ̀. Nítorí náà ni rédà mìíràn ṣe wà tó ń bi ọkọ̀ ní ìbéèrè, tí ẹ̀rọ adáhùn inú ọkọ̀ sì ń fi nọ́ńbà oníka mẹ́rin dáhùn. Bí ewu bá dé, 7700 ni awakọ̀ ń fi sí i. Ààyè 12 ni ìdáhùn náà ní fún nọ́ńbà yìí, ìgbì lè wà ní ààyè kọ̀ọ̀kan tàbí kó má sí. Bí a bá sọ 2 di ìlọ́po ara rẹ̀ ní ìgbà 12, oríṣi ìdáhùn 4,096 ló wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti lóye èyí ti bọ́ sínú ẹ̀kọ́ díjítà láìfura.

Oókan àti òdo

George Boole ló gbé ìṣirò òtítọ́ àti irọ́ jáde nínú ìwé rẹ̀ ọdún 1854. Ní ọdún 1937, Claude Shannon fi hàn nínú iṣẹ́ oyè kejì rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, pé suwíìṣì tó ń ṣí tó sì ń pa lè ṣe ìṣirò náà. Olùkọ́ Yorùbá ní àpẹẹrẹ tó sún mọ́lé. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dojú dé. 2 ní ìlọ́po ìgbà 8 sì jẹ́ 256, iye odù Ifá gan-an. Èyí kò sọ babaláwo di oníkọ̀ǹpútà, kò sì yẹ kí a fi ṣe ìyangàn. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ọmọ tó mọ iye odù ti mọ ohun tí ààyè mẹ́jọ lè gbà.

Nọ́ńbà 256 yìí ló tún wà nínú amóhùnmáwòrán díjítà. A ń wo ìmọ́lẹ̀ inú ìlà àwòrán ní ìgbà mílíọ̀nù 13.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ìgbà 864 nínú máíkírósẹ́kọ́ǹdì 64, a sì ń fi nọ́ńbà olóókan-àti-òdo mẹ́jọ kọ ohun tí a rí sílẹ̀. Láti dín ẹrù náà kù, a kì í tún ohun tí kò yí padà fi ránṣẹ́. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Geneva ní ọdún 2006 fi ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2015 ṣe òpin fún ọ̀nà àtijọ́. Ọjọ́ náà kọjá lórí Nàìjíríà.

Níbi iṣẹ́ àṣekágbá ni gbogbo èyí ti ń di ojúkojú. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe sákíìtì tó ń kàwọn: bí a bá tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, kó kà á sí oókan. Ó pé lórí ìwé. Lórí pátákó, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, sákíìtì ka márùn-ún. Á tú wáyà, á pààrọ̀ èròjà, á sì máa bú ọlọ́jà tó tà á fún un. Èròjà kò ṣe nǹkan kan. Irin inú bọ́tìnì ló ń gbọ̀n nígbà tó bá fara kan èkejì, ìgbọ̀n náà lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún máíkírósẹ́kọ́ǹdì, sákíìtì sì yára tó láti ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Géètì méjì tí a so kọ́ ara wọn, tí yóò gba ìfọwọ́kàn àkọ́kọ́ tí kò sì ní ka ìyókù sí, tó láti wò ó sàn, bí bọ́tìnì náà bá jẹ́ irú èyí tó ń kúrò lára irin kan bọ́ sára òmíràn.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama lè bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ kankan. Kí ó kó àwọn ọmọ lọ síwájú ògiri gbọ̀ngàn tó ga, kí wọ́n dúró ní mítà 85 sí i, kí ọ̀kan máa gbá igi méjì pọ̀, kí ó máa mú un yá títí tí gbohùngbohùn yóò fi bọ́ sórí ìgbámọ́ra tó tẹ̀ lé e gẹ́lẹ́. Kí àwọn yòókù máa kà, láti òdo dé 20, kí ẹnì kan di aago mú. Ìṣẹ́jú àáyá 10 ni yóò gbà.